Mo Fi Àpótí Gọ́ọ̀fù Bàbá Mi Pè É Ní Òkú

Bàbá mi ò kú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí n tó sọ nǹkan mìíràn. Bàbá mi wà láàyè, ó wà ní yàrá ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣeé ṣe kó ti kírun Àsárì tán kó máa gbọ́ rédíò... àmọ́ ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, bàbá ẹ̀, àti gbogbo ẹbí ẹ̀ pátá, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bàbá mi ti kú tipẹ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin èèyàn péèjì yìí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí tipẹ́, mo ti bú àwọn kan nínú wọn rí, mo ti sọ fún obìnrin kan rí nínú comment pé ojú ò tì í. Ó wá kàn mí báyìí. Admin, ẹ dákun, ẹ bò mí láṣìírí.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún díẹ̀. Ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, Àpápá náà ni mo ń gbé, fíláàtì kékeré tó mọ́, tó ní tíles, tó ní omi. Àmọ́ Amukoko ni wọ́n bí mi sí, Ajégúnlẹ̀ ni mo dàgbà sí, nínú face-me-I-face-you. Màámi kú nígbà tí mo wà ní JSS2, èmi àti Bàámi nìkan ló sì kù látìgbà náà. Iṣẹ́ kádì ni Bàámi ń ṣe. Ẹni tí ò bá mọ̀, kádì lẹni tó máa ń gbé báàgì igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé àwọn olówó káàkiri orí pápá, tó máa ń wọ igbó lọ wá bọ́ọ̀lù wọn, tó máa ń nu igi wọn, tó máa ń sọ fún wọn pé sà, atẹ́gùn ń bọ̀ láti apá òsì, ẹ lo igi kejì. Ó lé lógójì ọdún tó fi ṣe é. Ìsẹ́yìn ló ti wá sí Èkó, kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta, iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi dé yunifásítì.

Àwọn ọ̀gá tó ń gbé báàgì fún, àwọn kan òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté, àwọn kan èèyàn wa, tí wọ́n bá fẹ́ padà sílé wọn, wọ́n á fún un ní nǹkan kékeré kan fún ìrántí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n tẹ àwòrán ọkọ̀ òkun sí lára. Tíì, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé, èyí tó pupa, èyí tó funfun, èyí tó dà bí ewé. Pẹ́ńsùlù tí ò gùn ju ìka lọ. Nǹkan pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnsì tí wọ́n fi ń sàmì ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Awọ tí wọ́n ń so mọ́ báàgì, tí orúkọ ìlú tí mi ò gbọ́ rí wà lára ẹ̀. Kò ta ọ̀kankan rí. Ó ní kí káfíńtà kan ní Amukoko fi pákó tí wọ́n fi di ẹrù wá láti òkè òkun kan àpótí pẹlẹbẹ kan fóun, tó ní gíláàsì níwájú, tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ní ihò kéékèèké méjìléláàádọ́rin, oníkálukú ní ihò tiẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì wa. Tí àlejò bá wọlé, kó tó fún un lómi, ó ti mú un dé iwájú àpótí.

Bọ́ọ̀lù kan wà láàárín gan-an, kò ní àwòrán kankan lára, ó tiẹ̀ ti ṣá díẹ̀. Ti Bàámi fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni kílọ́ọ̀bù wọn máa ń jẹ́ kí àwọn kádì náà gbá gọ́ọ̀fù, torí pé àwọn ọ̀gá kì í wá lọ́jọ́ náà. Mọ́ńdè kan báyìí, Bàámi fi igi tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fò, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó wọnú ihò. Ẹ̀ẹ̀kan! Àwọn míì gbá gọ́ọ̀fù títí wọ́n fi kú, wọn ò rí i ṣe. Ọ̀gá tó bá ṣe irú ẹ̀, wọ́n máa kọ orúkọ ẹ̀ sí pátákó nínú kílọ́ọ̀bù. Ti kádì, wọn kì í kọ ọ́. Torí náà, kò sí ibòmíràn láyé yìí tí wọ́n kọ nǹkan tí Bàámi ṣe sí àfi ihò àárín àpótí yẹn.

Nígbà tí mo rí fíláàtì yìí, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n máa gbé àpótí náà lọ. Omi máa ń wọ yàrá wa tójò bá rọ̀, pákó náà sì ti ń wú nídìí. Ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láti Ajégúnlẹ̀ wá sí Àpápá, ó kan ìṣó ẹ̀ fúnra ẹ̀ sí pálọ̀ mi, ó fẹ̀yìn sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní ó ti débi tó yẹ ẹ́. Látìgbà náà, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó máa ń wá nù ún. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó ní ọwọ́ kọ̀ǹpútà ni tèmi. Á ṣí gíláàsì, á mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi aṣọ nù wọ́n, á dá wọn padà. Mo máa ń se ìrẹsì fún un.

Mo máa pe àfẹ́sọ́nà mi ní Lékan, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ilé mi, àpótí yẹn ló kọ́kọ́ rí. Ó pariwo. Bàbá ẹ̀ fẹ́ràn gọ́ọ̀fù bí nǹkan míì, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, wọn kì í sọ nǹkan míì lẹ́nu. Ó ní, àṣé bàbá ẹ máa ń gbá gọ́ọ̀fù? Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó na ìbọn sí mi. Kò sẹ́ni tó fún mi lọ́rùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kílọ́ọ̀bù wo, ó ní bàbá òun gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n, ó ní ká jẹ́ káwọn méjèèjì pàdé lórí pápá... Mo rí i lójú mi, bàbá Lékan lórí pápá, tí Bàámi ru báàgì tẹ̀lé wọn. Mo ní wọ́n ti kú. Ó kàn jábọ́ lẹ́nu mi ni. Lékan dì mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí ìyá tiẹ̀ kú lọ́dún tó ṣáájú, ó ní òun mọ bó ṣe ń dunni. Èmi náà sunkún. Ẹkún ìbẹ̀rù ni tèmi, àmọ́ ẹkún ò ní orúkọ lójú. Báwo lèèyàn ṣe ń padà lẹ́yìn ìyẹn? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un lọ́la ẹ̀ pé dákun, kò kú mọ́?

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Ojú ń tì mí ni. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Nígbà tí mo wà ní SS1, mo lọ fún Bàámi lóúnjẹ létí pápá, mo rí ọmọkùnrin kan tí ò ju ọmọ ogún ọdún lọ tó ń bú u pé ṣé afọ́jú ni, tí Bàámi ń sọ pé ẹ má bínú sà, ẹ má bínú sà, tó wọnú ẹrẹ̀ dé orúnkún lọ mú bọ́ọ̀lù fún un. Mo gbé oúnjẹ náà sílẹ̀, mo sá. Mi ò sọ fún un rí pé mo rí i. Mo rò pé mo ti gbàgbé... irọ́ ni.

Nígbà tí mo ṣe ọjọ́ ìbí mi tó kọjá, Lékan gbé ẹ̀bùn kan wá fún mi, bíráàsì pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí. In Loving Memory of Daddy. A Gentleman and a Golfer. Ó fi ìṣó onídẹ kàn án mọ́ abẹ́ gíláàsì àpótí náà. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi ṣá, mo pàtẹ́wọ́! Nígbà tí Bàámi wá ní Sátidé, ó rí i, ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní ìkójọ gọ́ọ̀fù Dádì ni wọ́n kọ lédè òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òyìnbó yìí mà gùn o. Ó tutọ́ sí aṣọ, ó nu bíráàsì náà títí ó fi dán.

Mo máa ń ṣe é kí Lékan má wà nílé mi nírú Sátidé yẹn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo ti ṣe é fún ọdún kan àbọ̀. Àfi Sátidé kan báyìí, ó lé ní oṣù méjì sẹ́yìn, tó fẹ́ kí n rí surprise, tó mú bàbá ẹ̀ wá láìsọ fún mi pé kí wọ́n wá wo àpótí Dádì ìyàwó wọn. Bàbá àgbà yẹn fẹ́ràn mi o. Wọ́n wọlé, wọn ò tiẹ̀ jókòó, iwájú àpótí ni wọ́n lọ tààràtà, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń ka nǹkan ara ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń ka Kùráánì. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń wá bí mo ṣe máa fi fóònù sọ fún Bàámi pé kó má wá, fóònù ẹ̀ ò lọ... ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Kì í kan ilẹ̀kùn, ilé ọmọ ẹ̀ kúkú ni. Ó wọlé pẹ̀lú fìlà kílọ́ọ̀bù tó ti ṣá, sílípáàsì, àti aṣọ ìnùǹkan lọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá Lékan ń sọ pé, so your late father played with all these people, ó ṣe o, ó ṣe, mi ò bá ti mọ̀ wọ́n.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Lékan ní ta nìyí.

Mo sọ pé kádì tó máa ń gbé báàgì fún bàbá mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa àwọn kádì. Tí ọ̀gá bá gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, tó wá sọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lòun gbá, kádì ẹ̀ á kàn gbójú sókè, á máa wo ẹyẹ. Kì í sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi í, á ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni sà. Bàámi máa ń sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń fi rẹ́rìn-ín, ó ní kádì tó bá já ọ̀gá ẹ̀ nírọ́ níta, kò ní gbé báàgì mọ́ láyé ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn? Mi ò mọ̀. Mo ti rò ó títí.

Orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ láti kí i, torí mi ò dúró kí bàbá mi rí láyé mi. Ó rí i. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó ti ṣí fìlà, ó ti tẹrí ba, ó ní, “Ẹ káàsán, mádàámù.” Èmi! Bàbá tó bí mi, tó fọ ìdí fún mi, ó ní ẹ káàsán fún mi. Ó wá yíjú sí bàbá Lékan, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, èmi ni mo máa ń gbé báàgì bàbá wọn.”

Bàbá wọn. Wọn, èmi nìyẹn.

Inú bàbá Lékan dùn, wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ṣí gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn nǹkan kọ̀ọ̀kan. Èyí, òyìnbó kan tó ń lọ sí Norway ló fún ọ̀gá mi. Èyí, ọjọ́ tójò rọ̀ ni. Gbogbo ẹ̀ pátá ló ń fún ọkùnrin tí ò sí, tí ò bí mi. Mo ń gbé malt kiri bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Nígbà tí wọ́n dé orí bọ́ọ̀lù àárín, bàbá Lékan ní èyí ńkọ́, kí ló dé tí kò ní àmì? Ó mú un dání, ó yí i lọ́wọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé Bàámi, ẹ má ṣe é, ẹ mú ìyẹn fún ara yín. Ó ní ọ̀gá òun ló gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní ojú òun ló ṣe. Ó dá a padà sínú ihò ẹ̀. Wọ́n wá bi í pé irú èèyàn wo ni bàbá mi jẹ́. Ó ní, “Ó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ sà. Ó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ ju gọ́ọ̀fù lọ.”

Ó nu ìyókù tán, ó ti gíláàsì, ó kí gbogbo wa, ó lọ. Ìrẹsì tí mo sè fún un wà nínú ìkòkò. Nígbà tí mo pè é nírọ̀lẹ́, ó ní wọ́n ti mú iná wá, ó ní òjò ṣú ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ṣé ó ṣú ní tèmi? Mo ní ó ṣú.

Ẹ̀ ń ronú pé ó parí síbẹ̀, àbí? Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Lékan lára. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í fi ìrun jáfara, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ṣe àdúà fún òkú bàbá mi, kódà nígbà tí mo bá ti gbàgbé pé mo pa á. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run ti fi ẹni tó mọ Dádì hàn wá, ká ṣe sàárà fún wọn kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa tó dé, kí ọkàn wọn lè yọ́ sí wa. Mo sọ pé kò pọn dandan. Ó ní àwíjàre wo nìyẹn, ṣé bàbá ẹ kọ́ ni? Wọ́n pe àwọn áàfáà, wọ́n kéwú, wọ́n dín àkàrà, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pa àgbò kan. Ó wá ní abọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kádì, torí ẹni tó sìn wọ́n láyé ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ sàárà wọn wò. Ó ní òun fúnra òun lòun máa gbé e lọ. Mo tẹ̀ lé e. Mo ti pe Bàámi ṣáájú pé kó jáde wá pàdé wa létí títì, torí gbogbo ará ilé wa ló mọ̀ mí, àwọn ọmọdé á ti máa pariwo orúkọ mi.

Ó dúró síbẹ̀ ká tó dé. Ó wọ jalabíà funfun rẹ̀ tí kì í wọ̀ àfi ọjọ́ ọdún. Lékan kí i dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé sàárà bàbá mi ni, kó bá wa ṣàdúà fún olóògbé. Bàámi fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà. Ó gbé e sórí pákó ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó la ọwọ́, ó ní kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó fi Alujánnà kẹ́ wọn, kó má jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ráre. Lékan ní àmín. Ó wò mí. Èmi náà ní àmín. Lékan wá ní kó tọ́ ọ wò níwájú wa, kí ẹ̀san ẹ̀ lè dé. Ó mú àkàrà kan, ó ní bisimilàí, ó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi jẹ sàárà òkú ara ẹ̀, lójú mi, ní ọ̀sán gangan, mo sì ṣe àmín sí i.

Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ní ọ́fíìsì pé ara mi ò yá, mo gba Ajégúnlẹ̀ lọ, mo wọ yàrá ẹ̀, mo dojú bolẹ̀, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́ ohun tó wà lára bíráàsì yẹn pẹ̀lú, kó lè mọ̀ ọ́n tán. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó fa káàdì kan jáde lábẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn káàdì tí wọ́n fi ń kọ èsì gọ́ọ̀fù, ó nà án sí mi. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ló wà níbẹ̀, pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́, àwọn kan dorí kodò. IN LOVING MEMORY. Ó ti dà á kọ láti Sátidé tó kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mo wà ní kíṣìnì, ó mú un lọ bá obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lójú ọ̀nà wọn pé kó kà á fóun. Ó ti mọ̀. Kí bàbá Lékan tó dé ilé mi rárá ló ti mọ̀ pé òkú lòun nínú pálọ̀ mi, ó sì ń wọ kẹ̀kẹ́ wá lóṣooṣù, ó ń nu bíráàsì náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀. Ó ní kí ni kóun sọ? Ó ní èmi ni mò ń gbá bọ́ọ̀lù, òun kàn ń gbé báàgì ni. Ó bi mí bóyá Lékan máa ń pariwo mọ́ mi. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ó máa ń mutí. Mo ní rárá. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má da nǹkan tó dára rú, kí n nu ojú mi. Ó gbé ìyókù àkàrà sàárà wá, ó ní kí n jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè jẹ ẹ́?

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀nkú mi, àbúrò màámi ní Ìkòròdú, ni mo fẹ́ kó dúró bíi bàbá ìyàwó lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọ̀nkú ti lé mi jáde, wọ́n ní ẹni tí bàbá ẹ̀ wà láàyè, àwọn ò lè gba ìdọ̀bálẹ̀ lórí ẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe pè mí lójijì lóṣù tó kọjá pé àwọn ti gbà. Mo rò pé Ọlọ́run ló yí ọkàn wọn padà. Àṣé Bàámi ló lọ sí Ìkòròdú. Òun ló lọ bẹ ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí pé dákun, bá mi ṣe bàbá ọmọ mi. Nígbà tí mo pe Ọ̀nkú, wọ́n ní nítorí tiẹ̀ làwọn ṣe máa ṣe é, pé tó bá ti parí, kí n má ya ilé àwọn mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀ yìí ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà. Bàbá Lékan ti sọ pé dandan ni kí Bàbá Kádì wá, wọ́n fẹ́ kó sọ ìtàn Dádì fún gbogbo ẹbí. Bàámi ní òun ń bọ̀. Ó ní òun á jókòó sẹ́yìn.

Tí mo bá sọ òótọ́ fún Lékan nísinsìnyí, kí ni màá sọ nípa sàárà yẹn? Kí ni màá sọ nípa gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó fi tẹ́wọ́ àdúà? Ẹni tó sunkún sí mi léjìká torí irọ́, ṣé á dúró gbọ́ òótọ́? Bàbá ẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n fa bàbá mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mi ò parọ́ ìyẹn. Tí mi ò bá sì sọ, ṣé màá kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀nkú kí wọ́n máa súre fún mi, tí ẹni tó bí mi wà lórí àga ike lẹ́yìn, tó ń ṣe àmín bíi àlejò? Tí mo bá bímọ ńkọ́? Kí ni ọmọ yẹn máa pè é? Àwọn kan nínú yín á ní ṣebí bàbá náà ti gbà, kí ló kàn ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó dákun, kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Lánàá, mo wà lórí iṣẹ́, ó pè mí. Kì í pè mí lásìkò iṣẹ́. Mo rò pé nǹkan ti ṣe é, mo sáré jáde sí kọ́ríídọ̀. Ó ní kò sí nǹkan, ó ní ìbéèrè kékeré kan lòun ní nípa ọjọ́ náà, ohùn ẹ̀ rí bíi ti ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àṣàkẹ́ ni oríkì mi, mo lè kọ ìyẹn síbí, Àṣàkẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Òun ló máa ń pè mí, kò pè mí ní nǹkan míì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó ní láti Mọ́ńdè lòun ti ń kọ́ mádàámù nínú yàrá òun, òun á sọ ọ́ sókè, òun á tún un sọ, àmọ́ tóun bá ti gbójú kúrò níbẹ̀ báyìí, Àṣàkẹ́ ló ń jáde. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé ẹnu òun lè ṣì sọ lójú àwọn àna mi tí mo bá jáde síta tí mo múra, tóun bá rí bí mo ṣe rẹwà. Ó ní ṣé mi ò lè bá òun wá orúkọ míì tó máa rọrùn fún ẹnu òun.

Mo sọ fún un pé ọ̀gá mi ń pè mí, màá padà pè é. Mi ò tíì pè é. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ní kó máa pè mí?